Fèrèsé Tí A Fi Ń Wo Inú Èkùrọ́ Kọ̀ǹpútà

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà tí a ń lò, àti nínú fóònù tí ń bẹ lápò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láti Èkó dé Kánò, ètò kan wà tí ó jẹ́ olórí fún gbogbo ètò yòókù. Òun ni ó ń pín àkókò ẹ̀rọ fún iṣẹ́ gbogbo. Òun ni ó ń pín àyè ìrántí. Òun ni ó mọ ẹni tí ó ṣí fáìlì, tí ó sì mọ ẹni tí ó ti pa tirẹ̀ dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ètò yìí ní kernel, èyí tí í ṣe orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe èkùrọ́ tí ń bẹ nínú ẹyìn. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé èèpo líle ni ó wà láàárín rẹ̀ àti àwọn ètò tí àwa fúnra wa ń fi ọwọ́ kàn. Èkùrọ́ náà ni a ó sì máa pè é níhìn-ín.

Èkùrọ́ yìí a máa kọ ìwé, kò sì sí akọ̀wé ìjọba kan tí ó lè bá a dọ́gba. Gbogbo iṣẹ́ tí ń lọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀rọ ni ó ní nọ́ńbà. Èkùrọ́ mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, iye àkókò tí ó ti lò, iye àyè ìrántí tí ó gbà, àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́, tàbí ó ń sùn, tàbí ó ń dúró de nǹkan. Kì í ṣe orí tákàdá ni ó ń kọ gbogbo èyí sí, bí kò ṣe inú ìrántí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, a sì máa yí i padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń falẹ̀, tàbí tí fóònù bá ń gbóná lápò láìṣe pé a ń lò ó, inú ìwé yìí ni a ti lè rí ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wá délẹ̀ ni pé: báwo ni ẹni tí ó wà lóde yóò ṣe ka ìwé tí ń bẹ nínú? Kí ni ó yẹ kí a fi hàn án, irú èdè wo ni a ó fi kọ ọ́, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti wò? Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Mo sọ pé ó kan olùkọ́, ó sì kan gbogbo ẹni tí ó ń fẹ́ kí orílẹ̀-èdè yìí dá dúró ní tòótọ́, nítorí pé ẹni tí ó ra ẹ̀rọ tí kò sì lè wo ìwé rẹ̀, àyálégbé ni nínú ilé tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi alájọ ṣe àpẹẹrẹ. Alájọ tí ń rin ọjà kiri ní ìwé méjì. Ọ̀kan ni ìwé pélébé tí ó wà lápò ara rẹ̀, tí ó ń kọ nǹkan sí bí ó ti wù ú: àmì níhìn-ín, ìlà lọ́hùn-ún, orúkọ tí a gé kúrú. Bí ó bá fẹ́ yí ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ padà lọ́la, kò níláti bi ẹnikẹ́ni. Èkejì ni káàdì tí ó fi sí ọwọ́ ìyá aláta. Káàdì yẹn kò ṣe é yí padà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyá aláta ti mọ ojú ìlà rẹ̀, ojú ìlà yẹn ni ó sì fi ń ka owó ara rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí ni láti mọ èyí tí í ṣe ìwé inú àpò, àti èyí tí í ṣe káàdì.

Ní 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ètò adarí kan tí a ń pè ní Unix, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà àtijọ́ ni àṣẹ kan ti wà nínú Unix tí ń jẹ́ ps, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti to gbogbo iṣẹ́ tí ń lọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀rọ sójú ìwé fún ẹni tí ó bá béèrè. Ọ̀nà wo ni ps ń gbà mọ̀ wọ́n? Ńṣe ni ó ń yọ́ wo ìwé inú àpò alájọ. Fáìlì kan wà tí ń jẹ́ /dev/kmem, tí í ṣe gbogbo ìrántí èkùrọ́ ní ìhòòhò, láìní àkọlé, láìní ìlà. ps yóò kọ́kọ́ lọ yẹ ètò èkùrọ́ tí ó wà lórí díìsìkì wò láti mọ ibi tí àtẹ àwọn iṣẹ́ wà. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wọ inú ìrántí lọ sí ibẹ̀, tí yóò máa ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń fi ọwọ́ wá nǹkan nínú òkùnkùn.

Wàhálà tí ó ti inú èyí jáde kò kéré. Bí àwọn tí ń tún èkùrọ́ ṣe bá fi ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo kún àtẹ náà, ps yóò máa ka ọjọ́ orí níbi tí ó ti yẹ kí ó ka orúkọ, títí a ó fi tún ps náà kọ. Bí èkùrọ́ bá ń yí ìwé padà nígbà tí ps ń kà á lọ́wọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ àná àti ìdajì ọ̀rọ̀ òní ni yóò kó pọ̀, àpapọ̀ wọn yóò sì di irọ́. Èyí tí ó wá burú jù lọ ni pé ẹni tí ó bá lè ka gbogbo ìrántí èkùrọ́ lè ka ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ní láti fún ps ní agbára tí ó ju ti ará ìlú lọ kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ kékeré tí a rán an.

Ní 1984 Tom Killian, tí òun náà wà ní Bell Labs, gbé àbá kan jáde tí ó rọrùn débi pé ẹnu ń yà mí pé a kò ti rí i ṣáájú. Ó ní kí èkùrọ́ fúnra rẹ̀ ṣí àpótí ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ /proc, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní fáìlì kan níbẹ̀ tí a fi nọ́ńbà rẹ̀ sọ lórúkọ. Àwọn fáìlì wọ̀nyí kò sí lórí díìsìkì kankan. Ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ọ̀kan láti kà á ni èkùrọ́ tó ń wá èsì, tí ó sì ń fi í lé e lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ náà bá sì parí, fáìlì rẹ̀ a pòórá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín ni pé ìmọ̀ bí ìwé ṣe tò padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ìwé. Alájọ kọ́ bí a ti í kọ káàdì. Pẹ̀lú èyí, òfin tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lórí ẹni tí ó lè ṣí fáìlì àti ẹni tí kò lè ṣí i wá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí náà, a kò ní láti ṣe òfin mìíràn.

Ilé ìwádìí yẹn kan náà ni a ti ṣe ètò adarí mìíràn tí ń jẹ́ Plan 9, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní 1992. Nínú rẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan di odidi àpótí tí fáìlì púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ status, tí a ń kà láti mọ ipò tí iṣẹ́ wà. Òmíràn ń jẹ́ ctl, tí a ń kọ àṣẹ sí. Bí ènìyàn bá kọ ọ̀rọ̀ náà stop sínú ctl, iṣẹ́ náà a dúró. Lẹ́tà lásán ni wọ́n fi ń kọ wọ́n, irú èyí tí ọmọdé tí ó ti mọ ìwé kà lè rí, kì í ṣe àmì àṣírí ẹ̀rọ. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti àánú ọmọdé nìkan. Ẹ̀rọ oríṣiríṣi a máa to nọ́ńbà ní oríṣiríṣi ọ̀nà nínú ara wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó gbọ́ lẹ́tà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kan lè ka fáìlì ẹ̀rọ mìíràn tí ó wà ní òpin wáyà láìsí ògbufọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí ni àwọn onímọ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí ó ṣe Solaris ní ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems tẹ̀ lé ọ̀nà kejì: inú /proc tiwọn, nọ́ńbà tí a tò bí ẹ̀rọ ti ń tò ó ni ó kún ibẹ̀, ètò mìíràn ni ó sì gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ kí ènìyàn tó lè kà á. Wọ́n ní ó yá jù, ó sì péye jù, nítorí pé sísọ nọ́ńbà di lẹ́tà, kí ẹlòmíràn tún wá sọ lẹ́tà náà padà di nọ́ńbà, iṣẹ́ àṣetúnṣe ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, tí a bá ní kí èmi yàn, n ó yan lẹ́tà, nítorí pé ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní irinṣẹ́ kankan, tí kò sì tíì mọ bí a ti ń kọ ètò, lè ṣí fèrèsé náà fúnra rẹ̀ kí ó sì wò.

Ọ̀nà lẹ́tà yìí ni Linux náà yàn. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991 nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, òun ni èkùrọ́ tí ó sì wà nínú gbogbo fóònù Android lónìí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà lásán ní ọ̀fìn tirẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú /proc ti Linux ní fáìlì kan tí ń jẹ́ stat, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí ìlà kan: nọ́ńbà iṣẹ́ ni ó ṣáájú, orúkọ rẹ̀ nínú àmì akámọ́ ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí àlàfo ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ó rọrùn láti kà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń kà á ń rò. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí orúkọ má ní àlàfo nínú, tàbí kí ó má ní àmì akámọ́. Bí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan bá sọ iṣẹ́ rẹ̀ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ètò tí ń fi àlàfo ka ìlà náà yóò ṣìnà, gbogbo nọ́ńbà tí ó kù yóò sì bọ́ sí ipò tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀nà àbáyọ ni láti wá àmì akámọ́ ìgbẹ̀yìn lórí ìlà náà kí a sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ àtúnkà nílé ìwé ìròyìn rí mọ ohun tí akámọ́ kan ṣoṣo lè bà jẹ́.

/proc ti Linux tún di àkìtàn nígbà tí ó yá. Ẹni tí ó bá ní ohunkóhun láti fi hàn, ibẹ̀ ni ó ń da á sí, ní ọ̀nà tí ó bá wù ú. Fáìlì cpuinfo, tí ń sọ irú ọpọlọ tí ẹ̀rọ ní, kò rí bákan náà láti irú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Nígbà tí èkùrọ́ Linux 2.6 jáde ní ìparí 2003, àpótí tuntun kan bá a dé tí ń jẹ́ /sys, tí Patrick Mochel ṣe, òfin rẹ̀ sì ni pé fáìlì kan, ọ̀rọ̀ kan. Kò sí ìlà gígùn, kò sí akámọ́, kò sí ohun tí a ó máa kà ṣì.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi tí mo gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ta kókó sí, èyí nì ni ìlérí. Òfin kan wà tí Torvalds kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú: àtúnṣe èkùrọ́ kò gbọdọ̀ ba ètò tí àwọn ènìyàn ti ń lò jẹ́. Ohunkóhun tí èkùrọ́ bá ti fi hàn lójú fèrèsé, bí ẹnì kan bá ti gbára lé e, ó ti di káàdì nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ìwé inú àpò ni a pè é nígbà tí a fi í síta. Nọ́ńbà kan wà nínú cpuinfo tí ń jẹ́ BogoMIPS. Èkùrọ́ ń fi í wọn ìdúró ìṣẹ́jú bíńtín nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí ni. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kì í ṣe òṣùwọ̀n gidi. Àwọn tí ń tọ́jú Linux fún irú ẹ̀rọ tí a ń pè ní ARM yọ ọ́ kúrò lójú fèrèsé, nítorí pé kò wúlò. Kò pẹ́ kò jìnnà, a rí i pé àwọn ètò kan wà tí kò lè ṣiṣẹ́ bí wọn kò bá rí i níbẹ̀. Ní 2015, wọ́n dá a padà.

Ti 2011 tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgádágodo ńlá kan wà nínú èkùrọ́ Linux láti ọdún pípẹ́, wọ́n sì ṣiṣẹ́ gidigidi kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò pátápátá ní ọdún náà. Ó wá bójú mu kí wọ́n yọ nọ́ńbà kékeré tí ń sọ ipò àgádágodo yẹn kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tí èkùrọ́ ń fi síta. Bí wọ́n ti yọ ọ́ ni powertop dàrú, èyí tí í ṣe ètò tí ń fi ohun tí ń jẹ iná bátìrì hàn. Powertop kò bìkítà fún àgádágodo kankan, ṣùgbọ́n ó ti há a sórí pé nọ́ńbà tí òun ń fẹ́ wà ní ipò báyìí-báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ipò náà sì ti sún. Wọ́n ní láti fi àlàfo òfìfo dí ibi tí nọ́ńbà òkú náà wà tẹ́lẹ̀. Bí ìgbà tí a bá fi àga sílẹ̀ fún olóyè tí a ti fagi lé oyè rẹ̀, kí ìjókòó àwọn yòókù má baà yí padà.

Ǹjẹ́ kí ni ó yẹ kí ẹni tí ń ṣe fèrèsé ṣe? Èsì tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ wà nínú fáìlì tí ń jẹ́ meminfo, tí ń sọ bí àyè ìrántí ṣe rí. Linux kì í jẹ́ kí àyè tí kò níṣẹ́ ṣòfò. A máa fi í pa ẹ̀dà ohun tí ó ti kà lórí díìsìkì mọ́, kí ó lè tètè rí i bí a bá tún béèrè, a sì máa jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá nílò àyè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà àyè òfìfo nìkan yóò fòyà pé ẹ̀rọ òun ti kún. Ọ̀pọ̀ ètò ti mọ èyí, wọ́n sì ń ro àyè òfìfo pọ̀ mọ́ àyè ẹ̀dà, wọ́n ń pe àpapọ̀ rẹ̀ ní àyè tí ó ṣẹ́ kù. Ìṣirò yìí dára nígbà kan. Ṣùgbọ́n inú èkùrọ́ yí padà: àwọn nǹkan kan wọ inú iye àyè ẹ̀dà tí a kò lè jọ̀wọ́ wọn, bíi ìrántí tí iṣẹ́ méjì jọ ń lò, àwọn mìíràn sì wà níta rẹ̀ tí a lè jọ̀wọ́ wọn. Ìṣirò àtijọ́ di ẹ̀tàn, láìsí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo parọ́. Ní 2014, nínú Linux 3.14, Rik van Riel fi ìlà tuntun kan kún un tí ń jẹ́ MemAvailable: iye àyè tí iṣẹ́ tuntun lè rí gbà bí ó bá dé nísinsin yìí, gẹ́gẹ́ bí èkùrọ́ fúnra rẹ̀ ti fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun tí ìlà kan yìí ṣe. Ṣáájú rẹ̀, fèrèsé ń fi ata, alùbọ́sà àti epo hàn, ó sì ń ní kí olúkúlùkù lọ se ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè ìyá aláta ni pé, “Èló ni mo lè gbà lónìí?” MemAvailable dáhùn ìbéèrè náà bí a ti bi í. Bí inú èkùrọ́ bá sì tún yí padà lọ́la, èkùrọ́ ni yóò tún ìdíwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ń kà á lóde kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wò. Ní 2009, Kehuan Zhang àti XiaoFeng Wang ti Yunifásítì Indiana fi hàn pé nọ́ńbà méjì péré nínú fáìlì stat tí mo ti sọ lókè, tí gbogbo ẹni tí ń lo ẹ̀rọ kan náà lè kà nígbà náà, tó láti mọ àkókò tí ẹlòmíràn ń tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, kí a sì ti ibẹ̀ máa méfò ohun tí ó ń kọ. Ẹni tí ó ṣe fèrèsé náà kò rò ó rí. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi aṣọ ta ojú fèrèsé púpọ̀. Láti Android 7, tí ó jáde ní 2016, ètò kan nínú fóònù kò lè rí iṣẹ́ ètò mìíràn nínú /proc mọ́. Android 10, ní 2019, sì pa /proc/net dé mọ́ wọn, èyí tí ń fi ibi tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ hàn. Ó tọ̀nà, nítorí pé àwọn ètò kan ń fi í tọpa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ olè tì mọ́ onílé pẹ̀lú: ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra fóònù, tí ó sì fẹ́ wo inú rẹ̀, ní láti ṣí ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn akọ̀ètò, kí ó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Èmi kò rí ìdí tí a kò fi lè tì í mọ́ ọ̀kan kí a sì fún èkejì ní kọ́kọ́rọ́ tí ó rọrùn.

Àwọn mìíràn ti wá ọ̀nà tí a fi lè béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò pèsè fèrèsé fún. Bryan Cantrill, Mike Shapiro àti Adam Leventhal ṣe DTrace fún Solaris 10 ní 2005. Linux náà ní ohun tí ń jẹ́ eBPF láti 2014. Nínú èyí, a ń rán ètò kékeré kan wọ inú èkùrọ́ lọ láti ka ohun tí ó bá wù wá, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kan a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó lè dájú pé yóò parí, àti pé kò ní wo ibi tí kò yẹ. Ìwé inú àpò alájọ ni a tún padà sí yìí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé nísinsin yìí èkùrọ́ ń tẹ ìtumọ̀ àmì rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìwé náà, kí ẹni tí ń kà á má baà máa há ipò sórí bí powertop.

Olùkọ́ tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kan tí Linux wà nínú rẹ̀, bí ó ti wù kí ó gbó tó, lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kí ó ní kí àwọn ọmọ ṣí fáìlì /proc/uptime. Nọ́ńbà méjì ni wọn yóò rí. Èkínní ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó ti kọjá láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti jí. Èkejì ni iye tí ọpọlọ ẹ̀rọ ti fi jókòó láìṣe nǹkan. Ọmọ tí ó lójú yóò béèrè bí èkejì ṣe máa ń pọ̀ ju èkínní lọ, bí ẹni pé ẹ̀rọ sinmi ju bí ó ti wà láyé lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ní ọpọlọ kan ṣoṣo, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọpọlọ di mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, ìsinmi gbogbo wọn ni èkùrọ́ ń rò pọ̀ sínú nọ́ńbà kan yẹn, nítorí pé nọ́ńbà méjì ni a ti ṣèlérí, nọ́ńbà méjì ni ó sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.